Pátákó Kan, Ọwọ́ Méjì: Ìtàn Bí Ọmọ Yorùbá Ṣe Kọ́ Ìwé àti Àwòrán

Ní Edo, ìlú ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tokyo lónìí, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Hanasato ya àwòrán ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ní nǹkan bí ọdún 1844 sí 1848. Orí igi ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, wọ́n fi àwọ̀ kùn ún, wọ́n sì fi tẹ bébà lọ́pọ̀ ẹ̀dà kí ará ọjà lè rà á lọ sílé. Àwọn ọmọ jókòó nílẹ̀ nídìí tábìlì kúkúrú. Búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà wà ní sẹpẹ́, olùkọ́ wà níwájú wọn. Ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń kọ̀wé: àwọn kan ń ṣeré, àwọn kan ń yọ ara wọn lẹ́nu. Ayàwòrán náà kò bo àṣírí wọn.

Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri Japan láyé ìgbà tí ìdílé Tokugawa ń ṣèjọba, láti 1603 títí di 1868. Terakoya ni wọ́n ń pè é. Ìjọba kọ́ ló dá a sílẹ̀. Àlùfáà ẹlẹ́sìn Buddha, jagunjagun tí kò ríṣẹ́ ṣe, oníṣègùn àti obìnrin tó mọ̀wé ló ń gba ọmọ oníṣòwò àti ọmọ àgbẹ̀ sínú ilé wọn láti kọ́. Ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ ni í bẹ̀rẹ̀. Bébà wọ́n, nítorí náà ọmọ a máa kọ lẹ́tà lé lẹ́tà lórí ẹyọ bébà kan náà títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dúdú kirikiri. Bó ti dúdú tó yẹn náà, yóò ṣì máa kọ ọ́ lọ, torí pé tàdáwà tútù máa ń hàn lórí èyí tó ti gbẹ.

Ohun tó kàn wá jù nínú àwòrán náà ni búrọ́ọ̀ṣì. Èyí tí ọmọ fi kọ orúkọ ara rẹ̀ ni yóò fi ya ẹyẹ àti igi ọparun. Lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà àti Japan, ìkọ̀wé àti àwòrán jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Nílẹ̀ Yorùbá, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a bí wọn sí. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ níwèé kì í kọ́ ọ lọ́nà, ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́nà kì í kọ́ ọ níwèé. Nígbà tí àwọn méjèèjì sì fẹ́ pàdé, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ìjọba àti ọ̀rọ̀ owó dúró sí àárín wọn. Ìtàn ìpàdé náà la fẹ́ sọ.

Ọmọ awo nídìí ọpọ́n

Kí lẹ́tà tó dé ni ọmọ Yorùbá ti ń tẹ àmì. Ọmọ tí wọ́n bá fi sọ́dọ̀ babaláwo a kọ́kọ́ kọ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀ kó tó kan ikin àti ọpọ́n. Ìyẹ̀ròsùn ni wọ́n ń dà sójú ọpọ́n. Ikin mẹ́rìndínlógún wà lọ́wọ́ kan, wọ́n á fi ọwọ́ kejì gbá a mú. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù, àmì méjì ni wọ́n á tẹ̀ sínú ìyẹ̀ròsùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, àmì kan ni. Bí kò bá ṣẹ́kù rárá, tàbí tó bá lé ní méjì, kò kà, wọ́n á tún un gbá. Ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sósì, títí ipò mẹ́jọ yóò fi kún ní ìlà méjì. Ojú odù mẹ́rìndínlógún ló wà. Bí a bá ka ọmọ odù mọ́ wọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 256. Ọmọ tó bá ṣi àmì kan tẹ̀ ti pe odù tí kò jáde, ẹsẹ ọ̀tọ̀ ni yóò kì, ẹbọ ọ̀tọ̀ ni oníbéèrè yóò sì rú. Ìdí nìyẹn tí olúwo kì í fi ojú kúrò lára ìka ọmọ.

Etí ọpọ́n kan náà ni àwòrán wà. Ojú Èṣù ń wo babaláwo látòkè, ẹranko, ẹyẹ àti ènìyàn sì lè yí etí rẹ̀ ká. Ọpọ́n Ifá tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ pé ó ṣì wà lónìí wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Ulm ní Jámánì. Àràdà, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí, ni wọ́n ti gbé e lọ, ó sì ti wà nínú àkójọ oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Christoph Weickmann kí ọdún 1659 tó parí. Nígbà tí àwọn ọmọ Edo ń fi búrọ́ọ̀ṣì sọ bébà di dúdú, ọpọ́n yìí ti wà lórílẹ̀ mìíràn, àwòrán létí rẹ̀, àárín rẹ̀ sì ṣófo, ó ń dúró de ẹni tí yóò tẹ nǹkan sí i.

Pátákó kan ni, àmọ́ ọwọ́ méjì ló ni ín. Agbẹ́gilére gbẹ́ etí, ó gbowó, ó lọ. Babaláwo ló ni àárín. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ agbẹ́gilére náà ní ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀: yóò gbálẹ̀, yóò pọn irin, yóò fi ewé ìpín dán ojú ère tí ọ̀gá ti gbẹ́ tán, kí wọ́n tó fún un ní igi tí kò níye lórí láti bà jẹ́. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò, àmọ́ ìrókò tí ọmọ awo ń pẹ̀ka yàtọ̀ sí ti ọmọ oníṣẹ́ ọnà. Ìdílé ló ń pín in.

Wàláà

Ilé-kéwú ló kọ́kọ́ kó ọmọ púpọ̀ jọ sójú kan láti kọ lẹ́tà. Àwọn oníṣòwò àti ààfáà ló mú un bọ̀ láti òkè ọya kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó wọlé. Nígbà tí Àlímì, ààfáà Fúlàní tó kú ní 1823, ti fìdí kalẹ̀ sí Ìlọrin, tí ọmọ rẹ̀ Abdulsalami sì di ọba níbẹ̀, Ìlọrin di orísun ìmọ̀ tí ààfáà ti ń ṣàn lọ sí Ìbàdàn, Ìwó, Ẹ̀pẹ́ àti Èkó.

Wàláà ni ìwé ọmọ kéwú. Pátákó pẹlẹbẹ ni, ó ní ibi tí wọ́n ń dì mú. Ààfáà tàbí ọmọ kéwú àgbà ló máa ń kọ ọ́ fún ọmọdé ní ìbẹ̀rẹ̀. Yóò ki kálámù bọ tàdáwà, yóò sì máa tẹ lẹ́tà sójú igi láti ọ̀tún sósì. Ọmọ á tẹ́ wàláà sórí ẹsẹ̀, á fi ìka tọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, á máa ké e lóhùn òkè títí yóò fi mọ́ ọn lórí. Ìgbà tó bá tó mọ́ ọn lórí ni wọ́n á gbà kó fọ wàláà, kó sá a sóòrùn, kí wọ́n sì kọ òmíràn sí i. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ kì í dànù lásán. Hàǹtú ni, ẹni tó ń ṣàìsàn tàbí ẹni tó ń wá ìṣọ́yè a máa mu ún. Bí ọmọ bá kéwú dé ibi tó yẹ, ẹbí á dá aṣọ tuntun fún un, wọ́n á se oúnjẹ wólímọ̀, ọmọ á sì ka ohun tó mọ̀ lójú gbogbo ayé.

Ọmọ awo, ọmọ kéwú àti ọmọ Japan, ọ̀tún ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ sí òsì. Ohun tó ya ọmọ kéwú sọ́tọ̀ ni pé kò sí àwòrán ènìyàn tàbí ẹranko nínú ohun tó ń kọ́. Ẹwà ibẹ̀ wà nínú lẹ́tà fúnra rẹ̀: bí kálámù ṣe ń nípọn níbi tó bá yí, bí ìlà ṣe gùn gbọọrọ. Àwọn ààfáà Yorùbá sì tún fi lẹ́tà Lárúbáwá yìí kọ èdè tiwọn, wákà àti ìwàásù, kí òyìnbó tó wá fi A, B, D kọ ọ́.

Ó pẹ́ kí ilé-kéwú tó yí ìjókòó padà. Ọ̀kan lára àwọn tó yí i ni Sheikh Adam Abdullah al-Ilori, tó gbé ayé láti 1917 sí 1992. Ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Níbẹ̀ ni ọmọ kéwú ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú pátákó ìkọ̀wé, pẹ̀lú kíláàsì, ìwé tí wọ́n tẹ̀ àti ìdánwò. Wàláà kò kú, àmọ́ ó ní orogún.

Síléètì

Orogún àkọ́kọ́ ti dé ṣáájú ìyẹn. Àwọn míṣọ́nnárì dé Àgbádárìgì ní 1842. Ní 1843, Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859, Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròyìn àkọ́kọ́ ní Abẹ́òkúta. Ọdún yẹn kan náà ni CMS Grammar School ṣílẹ̀kùn ní Èkó. Ní 1875, ìpàdé kan ní Èkó fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀.

Síléètì ni wàláà àwọn ọmọ míṣọ́nnárì: òkúta dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n fi igi ká létí. Ọmọ á fi pẹ́ńsù òkúta kọ ọ́, á fi itọ́ àti ìgúnpá nù ún. Bíi ti wàláà, ẹ̀kọ́ àná gbọ́dọ̀ lọ kí ti òní tó ráyè. Kò sẹ́ni tó ń mu omi síléètì ṣá.

Ìkọ̀wé tó mọ́ lójú níye lórí gan-an níbẹ̀. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró ni yóò di akọ̀wé kóòtù, akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù òyìnbó, olùkọ́. Síbẹ̀, àwòrán kò ní àyè. Ère ni ohun tí míṣọ́nnárì mọ̀ sí òrìṣà. Wọ́n ní kí ẹni tó bá gba Jésù jó o níná, èyí tí wọn kò jó ni wọ́n dì lẹ́rù lọ sílùú wọn. Ọmọ agbẹ́gilére tó bá wọ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ fi àáké bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láàárín ọgọ́rin ọdún tí síléètì ti dé, wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níwèé, kò sì sí kíláàsì kan tó kọ́ wọn bí a ṣe ń ya ojú ènìyàn.

Ẹ̀kọ àti ìyẹ́ adìyẹ

Àwọn obìnrin kò dúró de ilé-ìwé. Ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, nígbà tí aṣọ funfun òyìnbó ti pọ̀ lọ́jà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àdìrẹ ẹlẹ́kọ gbèrú. Wọ́n á ro láfún títí yóò fi ki, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á ki ìyẹ́ adìyẹ bọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa fi ya aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò ní mu aró. Bí aṣọ bá ti jáde nínú ìkòkò aró tó sì gbẹ, wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò, àwòrán á sì yọ ní funfun tàbí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ lára dúdú.

Níbẹ̀ ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ ìyàwòrán lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láìsí olùkọ́ tí ìjọba ń sanwó fún. Yóò kọ́kọ́ pín aṣọ sí ojú mẹ́rin-mẹ́rin, torí pé ojú kọ̀ọ̀kan ló ní àwòrán tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa fa ìlà, kó tó kan ẹyẹ àti ẹja. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ gbọ̀n, torí ẹ̀kọ tó bá já sílẹ̀ kò ṣeé nù. Aṣọ Ìbàdàndún gbé òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, sórí ara rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin gé páànù sí pátánì kí iṣẹ́ lè yá, wọ́n sì ń fi í tẹ ẹ̀kọ sórí aṣọ. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935, àwọn aládìrẹ gbé àwòrán ọba àti olorì rẹ̀ sórí aṣọ, wọ́n sì kọ lẹ́tà mọ́ ọn. Orí aṣọ àwọn obìnrin tí ọ̀pọ̀ wọn kò wọ ilé-ìwé rí ni ìwé àti àwòrán ti bọ́ra lọ́wọ́. Kò sí kíláàsì tó gba ẹ̀kọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn.

Onabolu kan ilẹ̀kùn

Ọkùnrin tó kan ilẹ̀kùn ilé-ìwé fún àwòrán ni Aina Onabolu. Wọ́n bí i ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882. Àwọn àwòrán inú ìwé òyìnbó ló ń wò tó sì ń ṣe àdàkọ wọn títí ọwọ́ rẹ̀ fi rọ̀. Ní 1906, ó fi ọ̀dà ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, ará Èkó. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ òyìnbó ló gbà pé ọmọ adúláwọ̀ kò lè ya ènìyàn kó jọ ènìyàn. Àwòrán yìí jọ ọ́.

Ó lọ sí London ní 1920, ó kàwé níbẹ̀ àti ní Académie Julian ní Paris, ó sì padà dé ní 1922. Kò padà wá ta àwòrán nìkan. Ó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ń rọ ìjọba pé kí wọ́n fi ìyàwòrán sínú ẹ̀kọ́ gbogbo ọmọ. Ó tẹnu mọ́ bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú ju èyí tó wà nítòsí lọ, títí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ ní orúkọ ẹ̀kọ́ yẹn. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún ẹnì kan, ìjọba mú ọ̀dọ́ olùkọ́ kan wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927, Kenneth Murray.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yẹ ní kí a dúró lé lórí. Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú, fẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà mọ gbogbo ọgbọ́n tí òyìnbó fi ń yàwòrán, kí ẹnikẹ́ni má bàa fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ mọ́. Murray, òyìnbó, fẹ́ kí ọmọ padà sídìí amọ̀, igi àti ọ̀nà ìbílẹ̀ rẹ̀, torí pé ó ń rí i bí wọ́n ṣe ń parẹ́. Àwọn méjèèjì ní ẹ̀rí. Ní 1937, Murray pàtẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ márùn-ún ní Zwemmer Gallery ní London. Ben Enwonwu wà lára wọn. Murray náà ló tún jà kí ère má baà jáde nílẹ̀ yìí mọ́, tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èkó fi ṣílẹ̀kùn ní 1957. Àmọ́ Onabolu ló kọ́kọ́ bèèrè, ó sì bèèrè nígbà tí kò sẹ́ni tó ń fetí sí i.

Ọ̀yẹ́-Èkìtì: àáké padà sí ilé-ìwé

Àwọn míṣọ́nnárì tó ti lé ère jáde ló tún pè é wọlé. Láti 1947 sí 1954, àwọn fádà Kátólíìkì ẹgbẹ́ SMA, tí Kevin Carroll jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ṣí ibi iṣẹ́ kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọ́n pe àwọn agbẹ́gilére, ahunṣọ àti àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ pé kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ fún ìjọ. George Bándélé, ọmọ Aréògún ará Òsì, wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́ kan láti Ìlá-Ọ̀ràngún, Lamidi Fakeye, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mùsùlùmí ni Fakeye. Ìdílé agbẹ́gilére ló ti jáde, Kìrìsìtẹ́nì ló gbà á síṣẹ́, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń gbẹ́. Bí a bá wá ẹni tí gbogbo ìjà tí a ti sọ bọ̀ pàdé lára rẹ̀, òun ni. Kó tó kú ní 2009, ó ti kọ́ni ní yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Àáké tí ọmọ agbẹ́gilére ti fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé nígbà kan ti wọlé wá gba kíláàsì.

Òṣogbo: bí wọ́n ṣe fi rọ́bà tẹ àwòrán

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Lọ́dún yẹn nìkan, iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 800,000. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ wọ̀nyí jáde. Wọ́n mọ̀wé kọ, wọn kò rí àyè ní ilé-ìwé girama, wọn kò sì fẹ́ padà sóko. Òṣogbo kún fún wọn.

Ibẹ̀ ni Dúró Ládiípọ̀, olórí ẹgbẹ́ òṣèré, ti ní ilé ọtí kan, tó di Mbari Mbayo ní 1962, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ olùkọ́ yunifásítì kan, Ulli Beier. Ọdún kan ṣáájú ni wọ́n ti dá Mbari àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀. Ní Òṣogbo, Denis Williams, ọmọ Guyana, ló kọ́kọ́ darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá. Ní 1964, ayàwòrán Georgina Beier gba iṣẹ́ náà. Ó gbà wọ́n láàyè láti ṣe bó bá ṣe wù wọ́n. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sọ nǹkan tuntun, òun ló ń dúró tì. Jacob Afọlábí, Rufus Ògúndélé, Adébísí Fábùnmi, Múráínà Oyèlámì, Jímọ̀h Buraimoh àti Twins Seven-Seven jáde níbẹ̀. Iṣẹ́ iná ni Buraimoh ń ṣe fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládiípọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ló padà wá fi ń ṣe àwòrán. Oníjó ni Seven-Seven, ó ń bá ẹni tó ń ta oògùn kiri ìlú kó tó ya ibẹ̀.

Òṣogbo ni a ti sún mọ́ àwọn ará Edo jù lọ. Afọlábí, Ògúndélé àti Fábùnmi kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ àwòrán sára rọ́bà ilẹ̀ilé. Wọ́n á fi ọ̀bẹ kékeré gé ibi tí wọ́n fẹ́ kó funfun kúrò, wọ́n á fi ròlà yí yíǹkì dúdú sórí èyí tó kù, wọ́n á tẹ́ bébà lé e, wọ́n á sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà lápá ọ̀tún lórí rọ́bà á wá sí apá òsì lórí bébà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí i gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sódì. Ní Edo, ẹni mẹ́rin ló máa ń pín irú iṣẹ́ yìí ṣe: ayàwòrán, ẹni tó ń gbẹ́ igi ṣẹ́rì, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ àti oníṣòwò tó ń gbówó sílẹ̀. Láti 1765, nígbà tí àwòrán Suzuki Harunobu aláwọ̀ púpọ̀ jáde, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní pátákó tirẹ̀. Ní Òṣogbo, ọ̀dọ́ kan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, àwọ̀ dúdú kan sì tó o. Ọ̀dọ́ náà kò mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe ti dàgbà tó báyẹn, ó kàn mọ̀ pé òun lè ṣe ẹ̀dà ogún, kó ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì jẹun.

Inú ilé ayàwòrán Susanne Wenger, ní ìlú kan náà, ni Ṣàngódáre Àjàlá, ọmọ olóòṣà, ti dàgbà. Aṣọ alámì epo-ìda ni ó kọ́, ó sì di olókìkí. Iṣẹ́ àwọn aládìrẹ nìyẹn, àfi pé epo-ìda gba ipò ẹ̀kọ.

Láti Òṣogbo dé Atlanta

Ọ̀nà tó so ìtàn yìí mọ́ Amẹ́ríkà kì í ṣe ojúlé kan. Jacob Lawrence, ayàwòrán ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, wá sí Nàìjíríà ní 1962, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Mbari ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Ó tún padà wá gbé ibẹ̀ ní 1964. Ní Atlanta, Hale Woodruff ti dé láti 1931 láti máa kọ́ni ní àwòrán fún àwọn ọmọ adúláwọ̀ tí òfin kò jẹ́ kí wọ́n wọ ilé-ìwé àwọn òyìnbó. Rọ́bà ilẹ̀ilé ni òun náà gbẹ́, ọ̀pọ̀ ilé àwọn òtòṣì Georgia ló sì fi tẹ bébà. Ní 1942, ó bẹ̀rẹ̀ ìpàtẹ ọdọọdún ní Atlanta University fún àwọn ayàwòrán adúláwọ̀, ó sì ń lọ títí di 1970. Ohun tí Onabolu bèèrè ní Èkó ni òun náà bèèrè ní Georgia. Ní 1996, Ṣóyínká, ọ̀kan lára àwọn ọmọ Mbari, gba iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Emory ní ìlú kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wo Forest Park, ìlú kan ní gúúsù Atlanta ní Clayton County. Ọmọ Yorùbá tó bá ń dàgbà ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀ lónìí tún ń rí ìpínyà àtijọ́ ní aṣọ tuntun. Ilé-ìwé ìjọba ń kọ́ ọ ní ìyàwòrán gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́, pẹ̀lú kíráyọ́nì àti ọ̀dà. Ọjọ́ Sátidé tàbí Sọ́ńdè ni ó ń rí Yorùbá, lẹ́yìn ìsìn tàbí ní ilé-kéwú, lórí bébà tí wọ́n tẹ̀ láti kọ̀ǹpútà. Níbẹ̀, ó ń kọ́ bí a ṣe ń kí ìyá àgbà àti bí a ṣe ń ka oòkan dé ẹẹ́wàá. Kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan sí i lọ́wọ́. Lórí fóònù, ọ̀pọ̀ kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, a kì í sì í mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ tàbí ọkọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún àwọn òbí àti olùkọ́ wọ̀nyẹn kò gùn. Kí wọ́n má pín àmì àti àwòrán sí kíláàsì méjì mọ́. Nǹkan bí ọdún 1844 ni Hanasato ya àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì ju ọdún 28 lọ lẹ́yìn náà kí òfin ẹ̀kọ́ Japan ti 1872 tó kó ọmọ gbogbo sínú ilé-ìwé tuntun bíi ti Yúróòpù. Síbẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì kò kúrò lọ́wọ́ wọn, ọmọ Japan ṣì ń fi í kọ lẹ́tà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dòní. Kò pọn dandan kí ilé-ìwé tuntun gba iṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Tiwa gbà á torí pé ẹni tó mú síléètì wá kò mọ ohun tí ọpọ́n ń ṣe, àwa náà sì gbà á gbọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ẹ àti ọ, kí wọ́n ro ẹ̀kọ láfún, kí wọ́n fún un ní ìyẹ́ adìyẹ àti àkísà funfun. Kó kọ orúkọ rẹ̀ tàmì-tàmì, kó ya ẹyẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó rì í sínú aró. Tí àmì kan bá ṣubú, gbogbo aṣọ ló máa sọ ọ́, kì í ṣe olùkọ́ nìkan. Àwọn aládìrẹ wa ti ṣe é ní 1935 láìgba ìwé ẹ̀rí kankan, láfún kò sì wọ́n ní Georgia.